Àwọn Ará Ilẹ̀ Yìnyín àti Èdè Tí Ó Sọ Wọ́n Di Orílẹ̀-Èdè

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí òyìnbó ṣàkóso lé lórí tí wọ́n sì jà fún ẹ̀tọ́ wọn, Áfíríkà àti Éṣíà ni ọkàn wa kọ́kọ́ máa ń lọ. A mọ ìtàn Gánà, a mọ ti Àlùjẹ́ríà, a mọ ti Íńdíà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan nínú wa rántí pé ní òkè téńté ayé, níbi tí òkun ti ń dì gbagidi tí ènìyàn sì ń rìn lórí rẹ̀, àwọn kan wà tí òyìnbó ti ń ṣàkóso wọn láti ohun tí ó lé ní igba ọdún, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí títí di òní. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kàn yín nínú rẹ̀.

Greenland ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo ayé. Fífẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ náà ni yìnyín bò mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Etí òkun nìkan ni ènìyàn lè gbé. Gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó 58,000. Bí a bá kó wọn wá sí Mushin, bóyá ni àwọn ará Mushin yóò fi mọ̀ pé àlejò dé. Ní apá àríwá ilẹ̀ náà, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ nígbà òtútù. Mùsùlùmí tí ó bá dé ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí òun yóò kí ìrun Màgàríbì, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti jíròrò lé lórí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa lónìí.

Nínú ìwé jọ́gíráfì tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́, Ẹ́síkímò ni wọ́n pe àwọn ènìyàn yìí. Orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn sọ wọ́n ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Inuit ni wọ́n ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "àwọn ènìyàn" lọ. Inuit wà ní Alaska, wọ́n wà ní Kánádà, wọ́n wà ní ìkangun Rọ́ṣíà. Àwọn ti Greenland ń pe ara wọn ní Kalaallit, wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn ní Kalaallit Nunaat, èyí tí í ṣe ilẹ̀ àwọn Kalaallit, wọ́n sì ń pe èdè wọn ní Kalaallisut.

Àwọn baba ńlá wọn rìn láti Alaska kọjá Kánádà, wọ́n sì dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Ọdẹ ni wọ́n. Síìlì, ẹran òkun kan tí ó lọ́ràá lára púpọ̀, ni gbogbo ọrọ̀ wọn. Ẹran rẹ̀ ni oúnjẹ, òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan àtùpà tí wọ́n fi ń yáná, awọ rẹ̀ ni aṣọ. Awọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ojú omi tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní káyákì lónìí láìmọ̀ pé èdè Inuit ni. Wọn kò ní ọba, wọn kò ní ọlọ́pàá. Bí gbólóhùn asọ̀ bá wà láàrin ẹni méjì, wọn a mú ìlù pẹrẹsẹ wọn jáde níwájú ará abúlé, oníkálukú a sì fi orin bú ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tí àwọn ènìyàn bá fi rẹ́rìn-ín ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ orin èébú sí rí ní ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ìyà kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1721 ni àlùfáà ìjọ Lutheran kan, ọmọ Nọ́wè tí ń jẹ́ Hans Egede, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọba Dẹ́ńmáàkì ni ó ń jọba lé Nọ́wè lórí nígbà náà. Kì í ṣe Inuit ni Egede wá wò. Ó ti kà á pé àwọn ará Nọ́wè àti Iceland kan tẹ̀dó sí Greenland láti nǹkan bí ọdún 985, ó sì fẹ́ mọ bí ẹ̀sìn wọn ṣe rí. Kò bá ẹnì kankan. Àwọn ènìyàn náà ti pòórá láti bí 300 ọdún ṣáájú, ahoro ilé ìjọsìn wọn ni ó kù. Inuit ni ó bá, ó sì dojú ìwàásù kọ wọ́n. Ní 1728 ni wọ́n dá ìlú tí wọ́n pè ní Godthåb sílẹ̀, èyí tí í ṣe Nuuk, olú ìlú wọn. Ní 1733 ni ọmọ ilẹ̀ náà kan tí ó ti Dẹ́ńmáàkì dé kó àrùn olóde wọ̀lú, àrùn náà sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Àwọn oníwàásù fi òfin de ìlù. Ohun tí ó jẹ́ kóòtù àti ilé ìṣeré fún wọn di ohun èṣù.

Ní 1776 ni ìjọba Dẹ́ńmáàkì fi gbogbo òwò ilẹ̀ náà lé ilé iṣẹ́ ọba kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ láìgba àṣẹ, oníṣòwò mìíràn kò gbọdọ̀ ra awọ síìlì tàbí òróró àbùùbùtán. Iye tí ọba bá dá lé e ni ọdẹ yóò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú rere ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n òwò náà ní ohun tí ó bí. Ọdẹ tí ó bá di akọ̀wé kò ní pa síìlì mọ́. Nítorí náà, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kò wá ọ̀nà láti sọ Kalaallit di ará Dẹ́ńmáàkì. Àlùfáà ni ó ń kọ́ èdè wọn, èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Poul Egede, ọmọ Hans, tí ó ti bá àwọn ọmọ Inuit ṣeré láti kékeré, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní 1750. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nuuk ní 1845. Ní 1851 ni Samuel Kleinschmidt, ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sí Greenland, ṣe ìwé gírámà tí ó fi ìlànà àkọtọ́ Kalaallisut lélẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn Kalaallit tí ó mọ̀wé kà ní èdè wọn pọ̀ láti abúlé dé abúlé.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù lọ nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tí ń jẹ́ Hinrich Rink, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni tẹ́lẹ̀ kí ó tó di alábòójútó apá gúúsù Greenland. Ó rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ti bá àwọn ọdẹ, wọn kò gbà pé àwọn já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ní 1858 ó fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo etí òkun pé kí ẹni tí ó bá mọ ìtàn àtijọ́ kọ ọ́ wá, kí ẹni tí ó bá lè ya àwòrán yà á wá. Ìwé ń wọlé. Lára àwọn tí ó dáhùn ni ọdẹ kan tí ń jẹ́ Aron, ará Kangeq, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá dùbúlẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè gbé káyákì mọ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń fi ọ̀dà ya ìjà àwọn baba ńlá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Norse àtijọ́, ó ń gbẹ́ òmíràn sí ara pákó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ikọ́ náà ni ó pa á ní 1869. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà di òní, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1861, ìwé ìròyìn Atuagagdliutit jáde ní Nuuk ní èdè Kalaallisut. Rasmus Berthelsen, ọmọ ilẹ̀ náà, ni olóòtú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Lars Møller, tí Rink ti rán lọ sí Copenhagen láti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, gba iṣẹ́ náà ní 1874, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di 1922. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 48 lórí àga kan. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín ìwé ìròyìn náà. (Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi ọdún kan àti díẹ̀ péré ṣáájú rẹ̀. Tiwa kú kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Tiwọn kò kú.)

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ìròyìn ayé wà, ìtàn tí wọ́n túmọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ọkàn àwọn ènìyàn ni ìwé tí àwọn ọdẹ fúnra wọn ń kọ: bí béárì funfun ṣe lé ẹnì kan, bí ìjì ṣe dorí káyákì kodò, bí wọ́n ṣe wá ẹni tí ó nù sínú yìnyín. Abúlé wọn jìnnà sí ara wọn, òkè yìnyín ló sì pààlà sí wọn, kò sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ń gbé ní gúúsù lè dàgbà kí ó kú láìfojú kan ẹni tí ń gbé ní àríwá. Nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti pàdé. Ọkùnrin kan ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ rí, ní èdè ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé èmi àti eléyìí, ọ̀kan ni wá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Kalaallit ti di orílẹ̀-èdè kan, kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rán àsíá.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn dé. Omi òkun ń gbóná díẹ̀díẹ̀, síìlì ń dínkù ní gúúsù, ẹja kọ́ọ̀dù sì ń pọ̀ sí i. (Ẹja yìí ni àwọn ará Nọ́wè ń sá gbẹ tí a ń rà lọ́jà wa ní òkúpòrókó.) Àwọn kan fi káyákì sílẹ̀, wọ́n di apẹja. Àwọn mìíràn ń wo apẹja bí aláìníláárí. Ìbéèrè náà wá dé ojú ìwé ìròyìn: ta ni Kalaallit gidi? Ṣé ẹni tí ó lè pa síìlì ni, àbí ẹni tí ó ń sọ èdè wa tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ wa, ohun yòówù kí ó máa fi ọwọ́ ṣe? Ní 1912 ni Henrik Lund kọ orin tí ó di orin orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1914 ni Mathias Storch, àlùfáà ìjọ wọn, tẹ ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ jáde ní Kalaallisut, nínú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti lá àlá nípa Greenland ti ọdún 2105. Ní 1931, Augo Lynge kọ òmíràn tí ó fi sí ọdún 2021, tí í ṣe 300 ọdún lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ Egede. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ iwájú ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn kò jókòó sórí ìtàn àtijọ́ nìkan.

Augo Lynge yìí, olùkọ́ ni. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ èdè Dẹ́ńmáàkì dáadáa, nítorí ó gbà pé ẹni tí wọ́n bá sé mọ́ inú èdè kan ṣoṣo, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a ka ìwé tí yóò fi tẹ̀ka. Ó fẹ́ kí Greenland dọ́gba pẹ̀lú Dẹ́ńmáàkì. N kò lè bá a wí. Ẹni tí ó ti wà lábẹ́ ẹni fún ọdún pípẹ́ kò ní ṣe kí ó má fẹ́ dọ́gba.

Ogun àgbáyé kejì ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1940, Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì. Fún ọdún márùn-ún gbáko ni Greenland kò gbọ́ àṣẹ láti Copenhagen. Amẹ́ríkà ni ó ń ta ọjà fún wọn, Amẹ́ríkà ni ó kọ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú síbẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn kò kú. Ní 1946 Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ Dẹ́ńmáàkì pé òun fẹ́ ra erékùṣù náà, Dẹ́ńmáàkì kọ̀. Lẹ́yìn ogun, gbogbo ayé ń sọ pé kí àwọn òyìnbó amúnisìn jáwọ́. Dẹ́ńmáàkì wá rí ọ̀nà àbáyọ kan. Nínú òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1953, ó kéde pé Greenland kì í ṣe ilẹ̀ amúsìn mọ́, ó ti di apá kan Dẹ́ńmáàkì bí èyíkéyìí mìíràn, ọmọ ilé aṣòfin méjì ni yóò sì máa rán wá. Wọn kò ní kí ará ìlú Greenland dìbò lórí rẹ̀. Augo Lynge jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ lọ. Ní 1959, ọkọ̀ ojú omi Hans Hedtoft tí ó wọ̀ padà kọlu yìnyín, ó sì rì pẹ̀lú gbogbo ènìyàn 95 tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdọ́gba yìí mú wá.

Kí òfin náà tó jáde ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, wọ́n kó ọmọ kéékèèké 22 kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, wọ́n fi ọkọ̀ kó wọn lọ sí Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọ́ èdè àti ìwà Dẹ́ńmáàkì, kí wọ́n padà wálé, kí wọ́n sì jẹ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn ìyókù. Àwọn ìdílé kan níbẹ̀ sọ 6 nínú wọn di ọmọ tiwọn. Ní 1952, àwọn 16 padà. Wọn kò dá wọn padà sílé o. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n kó wọn sí ní Nuuk, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ní ìyá láyé, wọ́n sì fi àwọn tí ń sọ èdè Dẹ́ńmáàkì tọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ti gbàgbé Kalaallisut. Ọmọ dúró níwájú ìyá rẹ̀, ìyá ń sọ̀rọ̀, ọmọ kò gbọ́. Ọmọ ń sọ̀rọ̀, ìyá kò gbọ́. Ẹni tí ó bá bímọ, kí ó rò ó wò. Púpọ̀ nínú wọn kò bá ara wọn mọ́ títí wọ́n fi dàgbà, àwọn mìíràn sì kú ní kékeré. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni olórí ìjọba Dẹ́ńmáàkì, Mette Frederiksen, tó tọrọ àforíjì. Nínú àwọn 22, ènìyàn 6 péré ni ó ṣẹ́kù láyé láti gba 250,000 kúrónà tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 1922 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni 2022.

Ní apá àríwá pátápátá, àwọn ọdẹ ń gbé lẹ́bàá ibùdó ológun tí Amẹ́ríkà kọ́ sí Thule. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, ìyẹn ku ọjọ́ díẹ̀ kí òfin ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ìdílé 27 kúrò níbẹ̀ kí ibùdó náà lè gbòòrò. Ó lé ní 100 kìlómítà sí àríwá tí wọ́n rìn pẹ̀lú ajá wọn kí wọ́n tó dé Qaanaaq, níbi tí ilé kò tíì sí. Ilé ẹjọ́ Dẹ́ńmáàkì gbà ní 1999 pé àìtọ́ ni.

Ní ọdún 1960 sókè ni iṣẹ́ náà wá gbóná. Ìjọba ní abúlé kéékèèké ń náni lówó, kí àwọn ènìyàn kó wá sí ìlú ńlá níbi tí ilé iṣẹ́ ẹja wà. Ní Nuuk, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Blok P. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ará Greenland ni ó wà nínú ilé kan ṣoṣo yìí. Ẹni tí ó yàwòrán ilé náà kò ronú nípa ọdẹ. Ẹ̀wù òtútù wọn kò gba ẹnu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ibi tí wọn yóò ti kun ẹran, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń kun síìlì. Wọ́n wó o ní 2012. Ìlú Qullissat, tí àwọn tí ń wa èédú nínú ilẹ̀ ń gbé, tí ènìyàn rẹ̀ ju 1,000 lọ, wọ́n tì í pa ní 1972, wọ́n sì tú àwọn ará ibẹ̀ ká.

Àwọn olùkọ́, kápẹ́ńtà àti òṣìṣẹ́ ń ya wọlé láti Dẹ́ńmáàkì. Òfin kan jáde ní 1964 pé ẹni tí wọ́n bí sí Greenland yóò gba owó oṣù tí ó kéré sí ti ẹni tí wọ́n bí sí Dẹ́ńmáàkì, bí iṣẹ́ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìwé ẹ̀rí wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdọ́gba nìyẹn! Láti 1966, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun ìfètò sọ́mọ bíbí sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àti ọmọdébìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí wọ́n fi sí wọn lára, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ òbí wọn. Iye tí a gbọ́ tó 4,500. Àwọn kan kò bímọ láé, wọn kò sì mọ ìdí. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 kí Frederiksen tó dé Nuuk láti tọrọ àforíjì lójúkojú.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ ní gbangba, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ọdẹ abẹ́ ọba, èdè wọn wà, ìwé wọn wà, ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí wọ́n ní ẹ máa bọ̀, ẹ wá bá wa dọ́gba, ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ ni pé ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó pa Aron dínkù púpọ̀ lásìkò yìí, ilé ìwòsàn pọ̀, ilé ìwé pọ̀. Àwọn òbí kan tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè Dẹ́ńmáàkì kọ́ ọmọ àwọn. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́.

Àwọn ọmọ tí wọ́n rán lọ kàwé ní Copenhagen kí wọ́n lè di òyìnbó ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó wá láti gúúsù àti ẹni tí ó wá láti àríwá ti ń gbé yàrá kan náà, tí wọ́n ń ka ìtàn Vietnam, ti Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ olórin Sume sílẹ̀, Malik Høegh ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn. Ní 1973 ni àwo wọn, Sumut, jáde. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "níbo là ń lọ?" Ìlù àti gìtá òyìnbó ni, ṣùgbọ́n Kalaallisut ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ àwòrán tí wọ́n fi sí iwájú àwo náà? Àwòrán tí Aron ará Kangeq gbẹ́ sára pákó ni, ti Inuk kan tí ó ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀ ará Norse. Ọkùnrin tí ó ti kú láti ọdún 104 dìde, ó bá wọn jà.

Lọ́dún tí ó ṣáájú àwo náà ni ìbò kan ti la ojú àwọn àgbà. Dẹ́ńmáàkì fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù. Ní oṣù kẹwàá 1972, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Greenland sọ pé rárá, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ ẹja Jámánì àti ti àwọn mìíràn wá kó ẹja wọn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti di apá kan Dẹ́ńmáàkì, ìbò Dẹ́ńmáàkì sì borí tiwọn. Wọ́n wọ́ wọn wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló ṣíwájú nínú ìjà tí ó tẹ̀lé e: Moses Olsen, Lars-Emil Johansen àti Jonathan Motzfeldt, tí í ṣe àlùfáà. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn, Siumut, di ẹgbẹ́ òṣèlú ní 1977. Wọn kò ju òkò, wọn kò yin ìbọn. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n kọ òfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1979, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò fún ìjọba abẹ́lé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, Motzfeldt ni olórí rẹ̀. Ní 1982 wọ́n tún dìbò lórí ẹgbẹ́ Yúróòpù, ìdá 53 ní kí àwọn jáde, wọ́n sì jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1985, ọdún 35 ṣáájú kí ìlú Ọba tó ṣe irú rẹ̀.

Ọdún 1985 náà ni wọ́n yan àsíá. Ọ̀pọ̀ fẹ́ kí àgbélébùú wà lára rẹ̀ bíi ti Dẹ́ńmáàkì, Nọ́wè àti Iceland. Thue Christiansen, olùkọ́ àti ayàwòrán, mú àsíá funfun àti pupa wá, tí oòrùn wà láàrin rẹ̀ bí ẹni pé ó ń wọ̀ sínú yìnyín. Ìbò 14 sí 11 ni ó fi wọlé.

Nígbà yìí, àwọn Inuit ilẹ̀ mìíràn ti ń wá ara wọn rí. Ní 1977, Eben Hopson, olórí àwọn Inuit àríwá Alaska, pe àwọn ti Kánádà àti Greenland sí ìpàdé ní Barrow. Èdè wọn yàtọ̀ láti ibì kan dé ibì kan, síbẹ̀ ìbátan ni. Àwọn ti Kánádà gba ìpínlẹ̀ tiwọn, Nunavut, ní 1999.

Ní 2008, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Greenland bèèrè fún agbára sí i. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2009 gbà pé Kalaallit jẹ́ ènìyàn kan tí ó ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà ara wọn, títí kan òmìnira bí wọ́n bá dìbò fún un. Ó sì sọ Kalaallisut nìkan di èdè ìjọba.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ti wá tán nìyẹn? Rárá o. Ẹja àti edé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun. Owó tí Dẹ́ńmáàkì ń fún wọn lọ́dọọdún lé ní bílíọ̀nù 3 kúrónà, ìjọba wọn kò sì lè rìn láìsí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ, èdè Dẹ́ńmáàkì ni yóò fi kàwé. Àwọn Kalaallit kan wà ní Nuuk tí wọn kò gbọ́ Kalaallisut dáadáa, àwọn ará wọn a sì máa wò wọ́n pé ṣé ẹ̀yin náà jẹ́ tiwa? Ní ìlà-oòrùn àti ní Qaanaaq, àwọn ènìyàn ń sọ ẹ̀ka èdè tí ó yàtọ̀ gan-an, wọ́n sì ń sọ pé èdè ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ àwọn ní ilé ìwé. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà lè gbàgbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Donald Trump sì tún dé. Ní 2019 ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀ náà, ní 2025 ó tún un sọ, ó sì kọ̀ láti sọ pé òun kò ní lo agbára. Ní oṣù kẹta ọdún náà wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ dé òmìnira ni ó borí, olórí rẹ̀ Jens-Frederik Nielsen sì kó ẹgbẹ́ mẹ́rin jọ sínú ìjọba kan.

Ère Hans Egede wà lórí òkè kan ní Nuuk, ó kọjú sí òkun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2020, tí í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé àwọn kan ti da ọ̀dà pupa sí i lára. Àríyànjiyàn gba ìlú. Àwọn kan ní kí wọ́n wó o, àwọn kan ní ìtàn ni, ẹ jẹ́ kí ó wà. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ará ìlú dìbò. Ènìyàn 600 ní kí wọ́n gbé e kúrò, 921 ní kí ó dúró. Ère náà ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 2021, tí ó pé 300 ọdún tí àlùfáà náà gúnlẹ̀, wọ́n yan olórí ìjọba tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin Kalaallit kan tí ó ń fẹ́ kí Greenland dá dúró. Orúkọ rẹ̀ ni Múte Egede.